Sìgá Nicaragua tí wọ́n ní kò le: kí là ń tọ́ wò nínú rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti Amẹ́ríkà dé ní oṣù Kẹfà fún mi ní sìgá 5, irú ńlá tí wọ́n ń fi odindi ewé tábà wé. Ó ní Nicaragua, orílẹ̀-èdè kan ní Àárín Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti wé e, pé kò le, pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló yẹ. Mo kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ nílé mi n'Íbàdàn fún ọ̀sẹ̀ 3, mo wá mu ọ̀kan lálẹ́ Sátidé lẹ́yìn tí mo jẹ ọ̀fadà àti ayamáṣe tán. Ẹ̀gbẹ́ kan ń jó ju ìkejì lọ, ó korò, nígbà tí mo sì fi mu ún dé ìdajì, bí ìṣẹ́jú 15, òòyì ti ń kọ́ mi. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mu ń pe bọ́tà, ẹ̀pà, kọfí. Èmi ò rí nǹkan kan ju èéfín lọ. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni, àbí sìgá tèmi ni kò dáa? Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, wọn ò pa irọ́, sìgá rẹ náà ò sì tíì jẹ̀bi. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. O ti ka ẹ̀sùn sí sìgá lọ́rùn, o ò tíì gbọ́ tẹnu dúrọ́ọ̀, o ò gbọ́ ti ayamáṣe, o ò sì bi ara rẹ léèrè ohun tí ìkánjú lè fi ewé tábà ṣe. Ọdún 14 ni mo fi ta sìgá ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oníbàárà máa gbé ọ̀kan padà wá pé ó korò. Tí mo bá tan ìkejì rẹ̀ níwájú rẹ̀, tí a jọ mu ún wọ́ọ́rọ́wọ́, kì í korò mọ́. Ibi tí iṣẹ́ ìtọ́wò ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn: kí o mọ èyí tí sìgá ṣe, kí o sì mọ èyí tí ìwọ ṣe.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú òòyì, torí òun ló ń dẹ́rù bani. Sìgá tí à ń sọ yìí, odindi ewé ni wọ́n fi wé e, kì í ṣe sìgá oníbébà. Èéfín ewé tí wọ́n sá sábẹ́ àjà báyìí máa ń jẹ́ kí nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń gun ènìyàn, gba awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ahọ́n wọlé tààrà, kò nílò ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fà á sínú àyà. Ẹnu ni yóò ti yí i, tí yóò sì tú u jáde. Bó bá jẹ́ robusto ni tìrẹ, ìyẹn sìgá kúkúrú tó sanra, tó gùn ní ínṣì 5, ó yẹ kó gbà ọ́ tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, ṣùgbọ́n o mu ìdajì rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá ti inú sìgá tó rọ̀ jù lọ láyé wá, yóò kọ́ ọ lóòyì. Nígbà míì tó bá ṣẹlẹ̀, gbé e sílẹ̀, jókòó, mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé nítorí a kì í fà á sáyà, kò léwu. Jẹjẹrẹ ẹnu, ti ọ̀nà ọ̀fun àti ti gògóńgò wà nínú rẹ̀, sìgá ńlá kan ṣoṣo sì lè gba tábà tó tó ti páálí sìgá oníbébà kan. Bí o ò bá mu tábà tẹ́lẹ̀, mi ò ní kí o bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí o bi mí ni mò ń dáhùn.

Wọ́n wá sọ fún ọ pé kò le. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà, torí nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwa ń wọ̀n. Agbára ni ti nikotíìnì, bó ṣe ń gun ènìyàn. Ìwúwo ni bí èéfín ṣe nípọn tó lórí ahọ́n. Adùn ni ohun tí ẹnu àti imú bá pàdé nínú rẹ̀. Wo ògógóró: ó fúyẹ́ lẹ́nu bí omi, ṣùgbọ́n o mọ ohun tí ife kékeré méjì ń ṣe. Wo ògì gbígbóná tó ki dáadáa: ó wúwo lẹ́nu, kò sì pa ẹnikẹ́ni lọ́tí rí. Ẹmu àfẹ̀mọ́jú ní tirẹ̀, adùn rẹ̀ pọ̀, agbára rẹ̀ kéré. Sìgá Nicaragua tí wọ́n bá pè ní èyí tó fúyẹ́ sí àárín, ìwúwo rẹ̀ ni wọ́n sábà ń sọ. Adùn rẹ̀ lè kún ẹnu bámúbámú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àní.

Iṣẹ́ ńlá sì ni kí Nicaragua tó wé irú ẹ̀, torí tábà ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ jẹ́jẹ́. Ìlú Estelí, ní àríwá Managua tó jẹ́ olú-ìlú wọn, ni ojúko iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ dúdú tí òkè ayọnáyèéfín fi sílẹ̀ ló wà níbẹ̀, ewé tó bá hù lórí rẹ̀ a nípọn, a sì ta lẹ́nu bí iyèré. Jalapa wà lókè lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ààlà Honduras. Ilẹ̀ tirẹ̀ pupa, ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì máa ń dùn díẹ̀. Condega wà láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n tún ń gbin díẹ̀ ní Ometepe, erékùṣù kan láàárín adágún ńlá wọn tó jẹ́ pé òkè ayọnáyèéfín méjì ló para pọ̀ di í. Àwọn ará Kúbà tó sá kúrò nílé lẹ́yìn ìṣọ̀tẹ̀ ọdún 1959 ló mú irúgbìn àti ọgbọ́n wá. Joya de Nicaragua, tó jẹ́ ilé iṣẹ́ sìgá tó dàgbà jù lórílẹ̀-èdè náà, bẹ̀rẹ̀ ní Estelí ní 1968. José Orlando Padrón, ọmọ Kúbà tó ti ń wé sìgá ní Miami láti 1964, kó dé ní 1970. Lẹ́yìn náà ni ogun dé, àwọn ọlọ̀tẹ̀ Sandinista gorí àlééfà ní 1979, Amẹ́ríkà sì ti ilẹ̀kùn ọjà mọ́ wọn láti 1985 títí di 1990. Àwọn tó bá rò pé iṣẹ́ fàájì lásán ni sìgá, kí wọ́n lọ ka ìtàn ìlú yẹn.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe kó tó fúyẹ́? Ibi tí ewé ti hù lára igi ni wọ́n ń wò. Ewé ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní volado, fẹ́lẹ́, ó sì ń jó dáadáa. Ti àárín, seco, ló ní òórùn. Ti òkè téńté, ligero, ni oòrùn ń pa jù. Òun ló nípọn, òun ló le. Ẹni tó ń po ewé pọ̀ yóò dín ligero kù, yóò fi seco kún un, yóò sì fa Jalapa sún mọ́ra. Wọ́n á wá fi ewé òde aláwọ̀ wúrà wé e, irúgbìn Connecticut tí wọ́n gbìn ní Ecuador. Ní Connecticut fúnra rẹ̀, l'Amẹ́ríkà, aṣọ ni wọ́n ń ta bo oko kí oòrùn má baà mú ewé náà le. Ní Ecuador, kùrukùru ojú ọ̀run ń bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Oliva Connecticut Reserve àti Perdomo Champagne jẹ́ irú èyí: inú Nicaragua, òde Ecuador.

Bí ọbẹ̀ tí a dín ata rẹ̀ kù ló rí. Ata ń bo àṣírí. Tí ẹja bá ti ń ṣe bí ẹni fẹ́ rà, fún un ní ata rodo méjì sí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n dín ata náà kù, gbogbo ilé á gbọ́. Sìgá tó le lè fi agbára bo ewé tí wọn ò tọ́jú dáadáa. Èyí tó fúyẹ́ kò ríbi fi í pamọ́ sí. Nítorí náà ni mo fi máa ń bínú sí àwọn tó ń pè é ní sìgá ọmọdé. Èmi, tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ kan mọ iṣẹ́, èyí tó fúyẹ́ jù nínú ọjà wọn ni mo kọ́kọ́ ń rà.

Ohun tí mò ń wá nínú rẹ̀ náà, bí o bá ti débi tí wọ́n ti ń ṣe irú rí, o ti mọ̀ ọ́n. Kóró igbá tí wọ́n sè, tí wọ́n fi ewé bò, á máa gbóná fúnra rẹ̀, òórùn tó ń ta imú á sì máa jáde lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Estelí kò jìnnà sí i. Wọ́n á to ewé tábà jọ gègèrè, wọ́n á ki òṣùwọ̀n ìgbóná bọ àárín rẹ̀, tó bá ti gbóná dé ibi tí wọ́n fẹ́, wọ́n á tú u, èyí tó wà nísàlẹ̀ á bọ́ sókè, wọ́n á tún un tò. Oṣù púpọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe é. Ìyàtọ̀ kan ni pé a fẹ́ kí òórùn irú kù sára irú, ṣùgbọ́n ewé tábà, a fẹ́ kí tirẹ̀ lọ pátápátá. Tí wọ́n bá kánjú, tí o bá tan sìgá náà, yóò máa ta ọ́ nímú bí ẹ̀yìn ògiri tí àwọn ènìyàn ń tọ̀ sí lójú oòrùn. Irú èyí, sìgá ló jẹ̀bi, kò sí ohun tí ìwọ lè ṣe sí i.

Ti ẹ̀gbẹ́ tó jó ju ìkejì lọ, dúrọ́ọ̀ ni mo fura sí. Oṣù Kẹfà sí Keje n'Íbàdàn, afẹ́fẹ́ kún fún omi. Ewé a máa mu omi bí kànrìnkàn, ewé inú tó ti rin kò sì ní gbà kí iná rìn déédéé. Nígbà ọyẹ́, òdì kejì ni: yóò gbẹ, ewé òde yóò sán, yóò jó fòò, yóò sì korò. Ìwọ̀n ọ̀rinrin tó bá a mu ni ìdá 65 sí 70 nínú 100. Fún ewé òde tó fẹ́lẹ́ bíi ti Connecticut, 65 ni mo fẹ́ràn. Ra kúlà oníke kékeré tí ìdérí rẹ̀ há dáadáa, kí o fi àpò kékeré tó ń ṣọ́ ọ̀rinrin sínú rẹ̀ (Boveda ń ṣe é, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára), kí o gbé e sí yàrá tó tutù jù nínú ilé. Ohun kan tún wà tí àwọn tó wà lókè òkun kì í sáábà rántí sọ fún wa: kòkòrò tábà. Ẹyin rẹ̀ lè ti wà nínú ewé láti oko. Tí ooru bá ti ń kọjá bí 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹyin náà yóò pa di kòkòrò, ìwọ yóò kàn rí ihò tín-ín-rín bíi ti abẹ́rẹ́. Ilé ta ni kì í kọjá 24 lọ́dọ̀ wa? Torí náà, di wọ́n sínú ọ̀rá méjì, kí o kó wọn sínú fìrísà fún ọjọ́ 3, bí iná bá gbà bẹ́ẹ̀, kí o gbé wọn sí fíríìjì lásán fún ọjọ́ kan kí wọ́n tó bọ́ síta.

Wàyí o, bọ́tà àti ẹ̀pà. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mu ọ̀kan lọ́jọ́ Ajé tó kọjá fún ọ, Oliva tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, robusto, ínṣì 5 ní gígùn, 50 ní sísanra. (50 yẹn, ìdá 64 ínṣì ni wọ́n ń kà, ó tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2.) Mo jẹ búrẹ́dì àti ẹyin láàárọ̀, mo mu omi. Mi ò fẹnu kan ata. Ayamáṣe tìrẹ yẹn, àbúrò, ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́ kò lè rí bọ́tà nínú bọ́tà fúnra rẹ̀.

Mo wò ó lójú ìmọ́lẹ̀: ó pọ́n bí àkàrà tí wọ́n yára yọ nínú epo, iṣan ewé rẹ̀ kò hàn jù. Mo fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ láti orí tí a ń fi sẹ́nu dé ẹsẹ̀ tí a ń tan iná sí. Ó ń wọlé díẹ̀, ó ń dìde padà bíi búrẹ́dì tuntun, kò sí ibi tó ṣófo, kò sí ibi tó le gbagidi. Mo fi imú sí ẹsẹ̀ rẹ̀: koríko gbígbẹ àti pákó tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Mo gé fìlà orí rẹ̀, bíi mìlímítà 2 péré, torí ẹni tó bá gé e jù, ewé òde yóò tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo fà á láìtíì tan iná sí i. Ó yẹ kó wá wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí a fi sítírọ́ọ̀ mu omi. Tó bá dà bí ẹni ń fi sítírọ́ọ̀ fa ògì, wọ́n ti rọ ewé há inú rẹ̀ jù. Èyí wá wẹ́rẹ́, adùn kékeré kan bíi ti bísíkíìtì sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Láítà oní gáàsì ni mo fi tan án. Àbẹ́là àti láítà oní pẹtiróòlù máa ń fi òórùn wọn sínú ewé. Mo gbé ẹsẹ̀ sìgá sókè iná díẹ̀, iná ò kàn án, mo ń yí i bí ẹni ń sun àgbàdo títí etí rẹ̀ fi pọ́n yí ká. Lẹ́yìn ìyẹn, fífà kan ní ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣírí ìkorò tìrẹ nìyẹn. Tí a bá ń fà á léraléra, ẹ̀yinná rẹ̀ á gbóná jù, ewé á máa sè dípò kó máa jó jẹ́jẹ́, gbogbo ọ̀dà rẹ̀ á sì bọ́ sórí ahọ́n.

Ìdá mẹ́ta ni mo máa ń pín in sí. Ní àkọ́kọ́, iyèré fẹ́ẹ́rẹ́ kan ta mí nímú, kò pẹ́ tó fi lọ, ohun kan tó dà bíi mílíìkì wá jókòó sórí ahọ́n mi. Òun ni wọ́n ń pè ní bọ́tà. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fi bọ́tà sí i. Bí èéfín náà ṣe ń yọ̀, tó ń bo ahọ́n, ló rán wọn létí bọ́tà. Ohun tí a ń pè ní adùn sìgá, imú ló ń ṣe ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀, ahọ́n ò mọ̀ ju dídùn, kíkorò, kíkan, iyọ̀ àti adùn bíi ti omi ẹran lọ. Torí náà, lẹ́ẹ̀kan láàárín fífà mẹ́rin tàbí márùn-ún, tú èyí tó pọ̀ nínú èéfín jáde lẹ́nu, kí o jẹ́ kí díẹ̀ tó kù gba imú jáde. Díẹ̀ ni mo wí o! Tó bá pọ̀, omijé ni yóò tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni ẹ̀pà wà. Má sì wá ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíì lò. Ọ̀rọ̀ tí o bá ní nílé ni kí o lò. Nínú ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí, ẹ̀pà yíyan wà níbẹ̀, òórùn àkọ́rọ̀ òjò wà níbẹ̀, kòkó tí wọ́n sá sójú títì wà níbẹ̀. Òyìnbó tó ń bá mi ṣiṣẹ́ máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun náà ń kọ "àkàrà òyìnbó ìyá àgbà mi," tí mi ò jẹ rí. Àwọn ìyá tiwa tó ń ta aáṣáà kò nílò ìwé kankan, imú ni wọ́n fi ń mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó.

Ní ìṣẹ́jú 20, ẹ̀pà náà hàn gbangba, kọfí onímílíìkì dé lẹ́yìn rẹ̀. Eérú rẹ̀ funfun bí eérú igi, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 kó tó já. Ẹ̀gbẹ́ kan fẹ́ máa sá ṣíwájú. Mi ò ṣe é ní nǹkan, mo kàn yí ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ́ra sísàlẹ̀, ó sì tún ara rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, iyèré padà wá, ìkorò díẹ̀ tẹ̀lé e. Níbí ni kí o ti fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ìkorò ju ẹyọ kan lọ. Ìkorò obì wà: o jẹ ẹ́, ojú rẹ fà ro, o mu omi, omi náà dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìkorò ìdí ìkòkò tó jó náà wà, tó jẹ́ pé bí o mu odò Ọ̀ṣun, yóò ṣì wà lẹ́nu rẹ. Ti obì kì í ṣe àbùkù. Tí o bá rí ti ìdí ìkòkò, gbé sìgá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Tó bá lọ, ìkánjú rẹ ló fà á. Tí kò bá lọ, tí sìgá kejì àti ìkẹta láti inú páálí kan náà sì tún ṣe bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ewé ni.

Mo ní ìkẹta, mo sì mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Ní ọdún kejì mi ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá mi tú òrùka bébà kúrò lára sìgá méjì, ó fún mi mu ọ̀kan lọ́jọ́ Ẹtì, ìkejì lọ́jọ́ Ajé, ó ní kí n fún wọn ní máàkì lórí 100. Mo fún ti ọjọ́ Ẹtì ní 84, mo ní kò ní ẹ̀mí. Mo fún ti ọjọ́ Ajé ní 91, mo kọ ojú ewé kan gbáko nípa rẹ̀. Sìgá kan náà ni. Òtútù ni mo ní lọ́jọ́ Ẹtì. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti ka máàkì sí nǹkan bàbàrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwé ìròyìn sìgá kò lè ṣe kí wọ́n má fún un. Ìyàtọ̀ láàárín 88 àti 90, imú tó dí lásán lè mú un wá. Ohun tí mò ń bèèrè ni bóyá ó jó láìjẹ́ pé mò ń tún un tàn, bóyá ó yí padà láti ìdá kan sí òmíràn àbí ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún wákàtí kan, àti bóyá màá fi owó ara mi ra òmíràn. Èyí tó fúyẹ́ tí kò yí padà rárá, kódà bí kò bá ní àléébù mìíràn, mi ò ní rà á mọ́.

Nítorí náà, 4 ló kù sí ọ lọ́wọ́. Kó wọn lọ sí fìrísà bí mo ṣe wí, kí o wá kó wọn sínú kúlà fún ọ̀sẹ̀ 3 ó kéré tán, kí omi tó ti wọ̀ wọ́n lára lè padà jáde. Mu ọ̀kan láàárọ̀ Sátidé kan, níta, níbi tí èéfín kò ti ní kan ọmọdé, láìsí ọtí àti láìsí ata, kí o sì gbé fóònù síwájú kí o lè máa wo ìṣẹ́jú. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣì ń sá ju ìkejì lọ lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, kọ̀wé sí mi, kí o sì ya àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀ kí o tó tan ìkejì.